Odò Kò Mọ Pásítọ̀

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá mú ní U-Turn lè kà á títí tí yóò fi délé, ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́, kó fi í sílẹ̀ di alẹ́. Ohun tá a kàn ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá máa sọ pé ẹ ti gbọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa níbí ní Abúlé Ẹ̀gbá ti ń kùn sí wa. Wọ́n fẹ́ lọ ṣeré ọjọ́ Ajé Àjíǹde ní Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé ènìyàn débẹ̀. A ní ó dáa. Ṣùgbọ́n a sọ pé ẹni tí kò bá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò ní wọkọ̀, ì báà jẹ́ díákónì, ì báà jẹ́ akọrin. A tún ní bí atukọ̀ bá sọ pé ọkọ̀ ti kún, ó ti kún náà nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi àdúrà fa ọ̀rọ̀. Arákùnrin kan dìde nínú ìpàdé, ó ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ wàásù lórí Pétérù tó rìn lórí omi? Ìgbàgbọ́ wá dà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Torí pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la ti fi ẹnu ara wa sọ rí, sí bàbá àgbàlagbà kan létí Odò Ọya, ó sì ku díẹ̀ kí omi gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ.

A ti sọ ìtàn yìí nínú ìjọ rí. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ tilẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ la sọ fún yín. Òní la fẹ́ sọ èyí tó kù.

Ọdún méje sẹ́yìn ni. A lọ ṣe ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ìlọrin. Àwa mọ́kànlá la ti Èkó lọ, pẹ̀lú ìyàwó wa tí ẹ̀yin ń pè ní Mọ́mì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ mélòó kan, àti àwọn akọrin. Nígbà tí ètò parí, a sọ fún awakọ̀ pé kó kọ́kọ́ gbé wa dé Jẹ́bà ká tó kọrí sílé. Ó ti pẹ́ tí Jẹ́bà ti wà lọ́kàn wa. Láti ìgbà tá a ti ń kàwé gba dípúlómà nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run la ti ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá wa Samuel Àjàyí Crowther níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Crowther mọ̀ pé ọmọ Òṣogùn ni, pé wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, àti pé òun ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ ojú omi rì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí oyè yẹn tó dé. Ní 1857, òun àti Dókítà Baikie gba Odò Ọya gòkè nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Dayspring. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní Oníṣà ní oṣù Keje. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, wọ́n dé Jẹ́bà, níbi tí òkè ti há odò mọ́ra tí àpáta sì dúró láàárín omi. Omi gbá ọkọ̀ náà lu àpáta, ó fọ́. Ẹ̀mí àwọn tó wà nínú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n wọ́n pàgọ́ sí etí odò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó wá bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Glover, fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Èkó lọ wá ohun tí wọn yóò máa jẹ. Òun náà ló di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára Glover Hall títí di òní.

A fẹ́ fojú rí ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, a tún fẹ́ ya fídíò níbẹ̀, ká gbé e sí ojú ewé yìí.

Nígbà tá a dé etí odò, a bá bàbá kan, ọmọ Tápà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Ọkọ̀ rẹ̀ gùn, ó tóóró, ẹ́ńjìnnì kékeré wà ní ìdí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì di àjẹ̀ mú ní iwájú. Ó kí wa dáadáa, ó sì gbọ́ Yorùbá. Ó wo gbogbo wa, ó ka orí wa, ó ní, "Láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí n gbé ènìyàn mẹ́fà lọ, kí n wá padà wá gbé àwọn tó kù."

A ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń ṣú lọ, Èkó là ń padà lọ lónìí. Ẹ kó gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó ní, "Dáàmù ti tú omi sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ ò rí bí omi ṣe ń hó lára àpáta lọ́hùn-ún?"

Ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe nìyẹn. A ní, "Bàbá, Ọlọ́run tá à ń sìn rìn lórí omi. Ẹ ní ìgbàgbọ́." Bàbá kò dá wa lóhùn kíákíá. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Pásítọ̀, odò kò mọ pásítọ̀. Kò sì mọ ìmáàmù. Mo ti sin àwọn méjèèjì rí níbí."

Ìjọ wà lẹ́yìn wa tó ń wò wá. Ojú tì wá láti gbà. Lọ́kàn wa lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ ká wí i, a ń rò pé kí ni bàbá tí kò mọ Jésù fẹ́ kọ́ wa nípa ìgbàgbọ́. A fi owó kún owó tó dá lé wa. Bàbá wo owó náà, ó wo ọ̀run, ó gbà á. Òun náà ní ẹbí tó ń bọ́. A kò ní í lára. Àwa tá a fi owó rọ àgbà láti ṣe ohun tó ti mọ̀ pé kò dáa ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó pín láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún mẹ́fà nínú àwọn tó jẹ́ obìnrin. A ní ká má fún wa. Mọ́mì gba tirẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tá a jókòó tán, a rí i tó ń bọ́ ọ, tó ń wọ̀ ọ́ fún ọmọbìnrin akọrin kan tó kéré jù nínú wa, tí kò rí gbà, tó sì ń de okùn rẹ̀ mọ́ ọn láyà. A bínú sí Mọ́mì nínú ara wa. Lójú wa, ó ń dójú tì wá níwájú ìjọ.

Bàbá kìlọ̀ nǹkan kan ṣoṣo: "Ẹ jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ohun tó wù kẹ́ ẹ rí, ẹ má dìde."

Ẹ̀yin ará, odò náà lẹ́wà. Àpáta wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Juju Rock yọrí sókè láti inú omi. Ní ibi tí omi ti há sí àárín àpáta, kì í ṣàn bí odò mọ́. Ó ń sáré, ó ń hó funfun bí ọṣẹ, ó ń pariwo débi pé ẹ kò ní gbọ́ ohùn ara yín. Bàbá kò bá omi jà. Ó ń wò ó, ó ń darí imú ọkọ̀ sí ibi tí omi ti dán, tí kò ní ìfófòó, nítorí níbẹ̀ ni ó jìn. Ọmọ rẹ̀ ń fi àjẹ̀ ti àpáta sẹ́yìn.

Àwa wá dìde. A yọ fóònù, a ní ká ya àpáta náà, ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Crowther. A kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí ọkọ̀ fi gbọ̀n. A ṣubú lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ tẹ̀ síbi tá a wà, omi wọlé. Ìgbà tá a máa gbójú sókè, ọmọbìnrin akọrin yẹn kò sí lórí ìjókòó rẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ la rí lórí omi, ó ti jìnnà sí wa, ó ń lọ.

A pariwo. A ní kí bàbá yí ọkọ̀ padà kíákíá, kó sáré tẹ̀ lé e, kó gba ojú ibi tí omi ti ń hó kọjá. Bàbá jágbe mọ́ wa, "Ẹ jókòó! Ẹ̀wù náà á gbé e. Àpáta yẹn á dá a padà." A rò pé orí bàbá ti dàrú. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ bá omi lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn àpáta ńlá kan ní ìsàlẹ̀. Ẹ wá wo nǹkan: lẹ́yìn àpáta yẹn, omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tilẹ̀ ń yí padà, ó ń lọ sókè dípò kó máa lọ sísàlẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń bọ̀ nìyẹn, omi gbé e yípo, ó rọra tì í bọ̀ sọ́dọ̀ wa bí ẹni ń dá ẹrù padà fún olówó. Ọmọ bàbá na àjẹ̀ sí i, ó dì í mú.

Ó ń wú, ó ń bì, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n ó yè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a dúró lórí pẹpẹ níbí, a sọ fún yín pé èṣù gbógun ti akọrin wa lórí omi, pé a pàṣẹ fún odò, odò sì gbọ́. Ẹ jó. Ẹ tilẹ̀ ná owó lé wa lórí.

A kò sọ pé àwa la dìde. A kò sọ pé bàbá ti kìlọ̀. A kò sọ̀rọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, a kò sì sọ ẹni tó bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀. Ìyá ọmọ náà wà lórí ìjókòó kejì lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. A fi ọwọ́ lé e lórí, a súre fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ náà ti wúwo fún wa.

Lẹ́yìn ìgbà náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn odò yẹn, bóyá ọkàn wa á balẹ̀. Kò balẹ̀, ṣùgbọ́n a kọ́gbọ́n.

Òkè Jẹ́bà ni Búsà wà, ní ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ibẹ̀ ni omi ti le jù lọ láyé àtijọ́. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Mungo Park ń bọ̀ lójú odò yẹn ní ìparí 1805. Ó ti lé ní ogójì òyìnbó tí wọ́n jọ gbéra láti Gáḿbíà, àìsàn pa wọ́n lójú ọ̀nà, àwọn márùn-ún péré ló kù tí wọ́n fi wọ ọkọ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ti ń lọ, wọn kì í fẹ́ dúró kí àwọn ọba etí odò, bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá sún mọ́ wọn, wọ́n á yìnbọn. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ṣáà ti ní ìbọn àti ìgboyà, odò á jẹ́ kí àwọn kọjá. Ní 1806, wọ́n dé Búsà, níbi tí àpáta ti há omi mọ́. Gẹ́gẹ́ bí Amadi Fatouma tó ti ń fi ọ̀nà hàn wọ́n tẹ́lẹ̀ ṣe ròyìn, àwọn ará ìlú kọlù wọ́n níbẹ̀, wọ́n bẹ́ sómi, omi sì gbé wọn lọ.

Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gbéra láti Àgbádárìgì wa níbí, ní oṣù Kẹta 1830. Wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n dé Búsà. Ọba Búsà gbà wọ́n lálejò. Nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ sí Yáúrì, tí wọ́n bá dé ibi tí omi ti le, àwọn atukọ̀ á ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn létí odò kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Òyìnbó tí ọba Gẹ̀ẹ́sì rán níṣẹ́ fẹsẹ̀ rìn nítorí pé apẹja ní kó rìn. Wọ́n dúró ní agbègbè yẹn fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó gba ojú odò sọ̀kalẹ̀. Ìyà jẹ wọ́n ní ìsàlẹ̀ odò, wọ́n tilẹ̀ kó wọn nígbèkùn, ṣùgbọ́n wọ́n dé òkun ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Odò kan náà ni, àpáta kan náà ni. Ọ̀wọ̀n ìrántí Park àti Lander wà ní Jẹ́bà títí dòní, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ti ọmọ ìjọ wa kún un.

Ṣé ẹ mọ ibi tí omi Búsà yẹn wà lónìí? Ó wà lábẹ́ adágún. Láti 1964 sí 1968 ni wọ́n fi kọ́ dáàmù Kainji, omi bo Búsà àtijọ́ mọ́lẹ̀, ó lé ní 40,000 ènìyàn tó kó kúrò nílé baba wọn, wọ́n sì tẹ Búsà Tuntun dó. Omi tó gbé Mungo Park lọ wà lára ohun tó ń tan iná fún wa. Bí iná bá dé ní Abúlé Ẹ̀gbá lálẹ́ tí àwọn ọmọ wa pariwo "Up NEPA!", ẹ rántí pé àwọn tó kọ́ dáàmù yẹn kò pàṣẹ fún odò. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n bu ọ̀wọ̀ fún un.

Ẹnì kan lè ní, "Pásítọ̀, ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Pọ́ọ̀lù ló tọ̀nà níbẹ̀, tí atukọ̀ ṣìṣe?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ lọ kà á dáadáa. Kì í ṣe pé Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n máa lọ nínú ìgbàgbọ́. Ó ní kí wọ́n dúró, ìgbà ọkọ̀ wíwà ti kọjá. Àwọn tí ojú ń kán ni kò gbọ́. Èyí tó wá gbá wa létí jù ni ẹsẹ 31. Áńgẹ́lì ti dé ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù, Ọlọ́run ti ṣèlérí pé ẹ̀mí kankan kò ní ṣòfò. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ sá lọ, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró nínú ọkọ̀, kò sí ìgbàlà fún ẹ̀yin tó kù. Ìlérí wà, atukọ̀ sì ní láti wà. Pọ́ọ̀lù kò rí ìjà kankan láàárín àwọn méjèèjì. Àwa la dá ìjà sílẹ̀. Pétérù náà tá a fi ń ṣe àpẹẹrẹ, Olúwa ló pè é kó tó jáde. Kò sẹ́ni tó pè wá kí a dìde ya fídíò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìbéèrè arákùnrin yẹn, àwa àti Mọ́mì lọ sí ilé ìyá ọmọ náà. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti parí ilé ìwé. A kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo ti mọ̀ látijọ́. Mo ń retí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ ni." A jókòó sí pálọ̀, a sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá. Ìyá dákẹ́ títí. Kò wò wá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ta ló wọ ẹ̀wù yẹn fún ọmọ mi?"

A ní, "Mọ́mì ni."

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì, àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún. Kò sọ nǹkan kan sí wa lọ́jọ́ náà. Ó wá sí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀yìn ló jókòó sí. A kò bi í léèrè. Ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó síbi tó bá wù ú, fún ìgbà tó bá wù ú.

A ránṣẹ́ sí Jẹ́bà pẹ̀lú. Wọ́n ní bàbá ti di olóògbé, ọmọ rẹ̀ ló ń tukọ̀ báyìí. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí a bẹ bàbá, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ la ti máa bẹ̀ ẹ́. A máa lọ, a ò ní gbé fóònù dání wọ ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ìdí tí òfin Tarkwa Bay kò fi ní yí padà nìyẹn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara ẹni mu, kí okùn rẹ̀ wà ní dídè, kì í ṣe kí a gbé e lé itan. Orí tó bá pọ̀ ju èyí tí atukọ̀ fọwọ́ sí lọ, kó dúró de ọkọ̀ kejì. Kí ilẹ̀ má ṣú bá wa lórí omi. Kí ẹnikẹ́ni má dìde nínú ọkọ̀, pàápàá pásítọ̀. Àdúrà ńkọ́? A máa gbà á dáadáa, ní etí omi, nígbà tí gbogbo wa bá ti wọ ẹ̀wù tán.

Bó o bá ní ẹnì kan nínú ayé rẹ tó mọ omi jù ọ́ lọ, yálà dókítà, mẹkáníìkì, tàbí ìyàwó tó wà nílé, tó ti kìlọ̀ fún ọ tó o fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ pa á lẹ́nu mọ́, padà lọ bá a lónìí. Má dúró di ọdún méje bíi tiwa.

Olúwa, dárí jì wá. Bàbá tí a kò gbọ́ràn sí lẹ́nu, tu àwọn ọmọ rẹ̀ nínú. Má jẹ́ kí ìgbéraga wa di ikú fún ọmọ ẹlòmíràn. Fún wa ní etí tó ń gbọ́ràn, kó o sì mú àwọn ọmọ wa lọ, kó o mú wọn bọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹni tó bá máa wọkọ̀ ojú omi lásìkò ọdún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí i.